Ẹ̀jẹ̀ Àárọ̀

Ọdún kejìlélógún rè é tí mo ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò l'Ájàṣẹ́-Ìpo,
mo mọ bí wọ́n ṣe ń yọ nǹkan kúrò nínú nǹkan.
Ta ló wá ń yọ mí?
Ṣọ́ọ̀kì wúwo lọ́wọ́ mi bí búlọ́ọ̀kù,
oorun ọ̀sán ń gbé mi lórí àga níwájú àwọn ọmọ,
Àwẹ̀ní sì ti yéé fi ẹsẹ̀ tútù rẹ̀ wá ẹsẹ̀ mi lóru.
Kò bínú. Èyí gan-an ló ń dùn mí.

Jọláoṣó, akọ̀wé wa, ló fi hàn mí lórí fóònù,
dókítà tí kò ní ẹnu ọ̀nà.
"Ìbéèrè mọ́kànlá péré, ọ̀gá. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́.
Lọ́jọ́ kẹta, ọlọ́kadà á gbé abẹ́rẹ́ náà dé nínú páálí,
ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."
Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀!
Mo gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ òórùn àkàrà lọ́sàn-án ààwẹ̀.

Torí mo mọ fèrèsé káàdì ní Ìlọrin.
Ẹni yòówù kó jókòó níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n ti kọ́ ọ rí,
á gbóhùn sókè: "Tíṣà! Kí ló ń ṣe yín?"
Gbogbo ìlà á dákẹ́ láti gbọ́ èsì.

Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, iná ti lọ, ìmọ́lẹ̀ fóònù nìkan ló kù.
Ṣé ó ń rẹ̀ yín? Bẹ́ẹ̀ ni.
Ṣé inú yín ń bàjẹ́ láìnídìí? Bẹ́ẹ̀ ni
(ìdí wà, àmọ́ kò sí àyè fún un).
Ní ìkẹwàá, wọ́n bèèrè ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin náírà.
Mo yí i sókè, mo yí i sísàlẹ̀,
mi ò rí ibi tí wọ́n ti bèèrè Àwẹ̀ní,
ẹni tí oyún bàjẹ́ mọ́ lára lẹ́ẹ̀mejì,
tó ṣì ń kọ orúkọ ọmọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà.

Aago márùn-ún àbọ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́.
Ìdófìàn ṣì ń sùn. Ìrì bo àgbàdo lọ títí dé Gánmọ̀.
Inú mi ṣófo: ẹ̀jẹ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń fẹ́,
ẹ̀ẹ̀mejì, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí nọ́mbà kan ṣoṣo lè parọ́.
Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún Fọ́ọ̀mù Tú.

Ọmọ ilé-ìwé mi náà ni, lójú fèrèsé.
Múbáṣírù, ìlà ẹ̀yìn, aláriwo.
Ó ka lẹ́tà mi, ó wò mí,
ó da ojú ìwé náà délẹ̀ kí ẹni ẹ̀yìn mi tó yọjú sí i.
"Ọ̀gá, ẹ lọ jókòó níbi tí atẹ́gùn wà."
Ohun tó sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo ti na ọmọ yẹn rí, mi ò rántí ohun tó ṣe.

Dókítà náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ tutù.
Ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó bi mí bóyá mo máa ń hanrun.
Ó wá ju bírò sílẹ̀:
"Ṣé ẹ ṣì fẹ́ bímọ?
Torí oògùn yìí, bó ṣe ń tan iná yàrá kan,
ó lè pa ti yàrá kejì."
Agogo ara ògiri ń lọ. Mi ò lè dá a lóhùn.

Nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀, ó kọ "Osukunle" sára ìgò kékeré náà.
Mo ní, "Ọ̀ṣúnkúnlé ni. N wà láàárín, ọmọ mi."
Ó rẹ́rìn-ín, ó fi í sí i.

Lójú ọ̀nà ilé, fóònù gbọ̀n nínú àpò mi:
Ìbéèrè kan ló kù kí ẹ parí.
Mi ò pa á rẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá fún èsì,
owó ọkọ̀ sì ti wọ́n.

Àwẹ̀ní wà níwájú ilé, ó ń ṣa òkúta lára ìrẹsì.
"Níbo lẹ lọ láti òwúrọ̀?"
Mo gbé búrẹ́dì sílẹ̀, mo fa àpótí.
Mo ní, "Fi ìrẹsì yẹn sílẹ̀ ná.
Wọ́n bi mí ní nǹkan kan."